Ìjàkadì Láìsí Orò: Àyẹ̀wò Àlàyé tí À ń Ṣe nípa Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ tí Wọn Kò Parí Ẹ̀kọ́ Ọ̀mọ̀wé

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni àlàyé tí àwùjọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ láìparí rẹ̀. Kì í ṣe pé èéṣe tí wọ́n fi ń lọ nìkan ni a fẹ́ béèrè. A ó tún béèrè irú ọ̀rọ̀ tí à ń lò láti fi sọ ìtàn lílọ wọn, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dá lẹ́bi. Èrò wa ni pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sí orí ìtàn àròsọ àti ewì. Àlàyé tí à ń wí yìí jẹ́ ìtàn pẹ̀lú: ó ní ẹ̀dá-ìtàn, ó ní ìṣẹ̀lẹ̀, ó sì ní ìdájọ́ ní ìparí rẹ̀.

Ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni a ti mú àfiwé tí yóò tọ́ wa sọ́nà. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní, kò sí ẹni tí ó mọ oríkì orílẹ̀ tí kò mọ̀ pé ìjàkadì ni Ọ̀fà fi ṣe orò. Oríkì Ìran Ọlọ́fà wà lára àwọn tí Adébóyè Babalọlá kó jọ sínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀, wọn kò sì lè ki ìran náà tán kí wọ́n má mẹ́nu kan ìjàkadì. Èkejì, Ọ̀fà jẹ́ ìlú ilé-ẹ̀kọ́. Offa Grammar School ti wà níbẹ̀ láti 1943. Pólítẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti 1992. Ṣùgbọ́n ND àti HND ni pólítẹ́kíníìkì ń fúnni. Kì í fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé. Olùkọ́ ibẹ̀ tí ó bá fẹ́ oyè náà sábà ní láti máa lọ sí Ìlọrin, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ tàbí ibòmíràn, kí ó sì tún padà wá kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílé, èkejì wà lọ́nà. Ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

2.0 Ta ni Olùwà Gbólóhùn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí àwọn gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò parí:

(a) Ó ti fi í sílẹ̀.
(b) Kò lè fara dà á.
(d) Ó fìdí rẹmi.
(e) Orí rẹ̀ kò gbé e.
(ẹ) Ìwé ti sú u.

Nínú (a), (b) àti (d), akẹ́kọ̀ọ́ ni olùwà gbólóhùn. Nínú (e), orí rẹ̀ ni olùwà, orí náà kò sì yà kúrò lára òun fúnra rẹ̀. Nínú (ẹ), ìwé ni ó dúró sí ipò olùwà, ṣùgbọ́n inú akẹ́kọ̀ọ́ ni ìsúni náà wà. Kò sí ọ̀kan nínú márààrún tí ó fi alábòójútó, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, yunifásítì tàbí ìjọba ṣe olùwà. A kì í sọ pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ nù. A kì í sọ pé alábòójútó gbàgbé rẹ̀ sọ́nà. Gírámà wa ti dá ẹjọ́ náà kí a tó pe ẹlẹ́rìí.

Ohun kejì tí a ó ṣàkíyèsí ni ibi tí a ti yá àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó parí, a ní ó borí, a ní ó yege. Ẹni tí kò parí, a ní ó fìdí rẹmi. Ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, a ní ó ń jà fitafita. Ọ̀rọ̀ ìdíje àti ìjà ni gbogbo wọn. A ti sọ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé di ìjàkadì láìmọ̀: ẹni kan ń bẹ, ìwé ń bẹ, wọ́n wọ̀yá ìjà, ẹ̀yìn ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta, orúkọ oyè náà fúnra rẹ̀ dá kún ọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé ni ẹni tí ó mọ̀wé. Kí ni kí a wá pe ẹni tí ó ṣe ìwádìí fún ọdún mẹ́rin, tí ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tí ó kọ orí mẹ́ta nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí ó tó lọ? A kò ní orúkọ fún un. Ohun tí ó ti mọ̀ kò parẹ́ kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ, ṣùgbọ́n èdè wa kò fún un ní ibi tí yóò dúró sí. Ohun tí kò bá ní orúkọ, ó rọrùn láti má ṣe kà á.

3.0 Ohun tí Àwọn Onítíọ́rì Sọ

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ̀wé jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Méjì nínú wọn ni a ó gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àléébù ọ̀kan àti àǹfààní èkejì yóò ràn wá lọ́wọ́.

Ní 1975, Vincent Tinto gbé àlàyé kan jáde lórí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kúrò nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Orí ìwé tí Émile Durkheim kọ ní 1897 nípa àwọn tí ń pa ara wọn ni ó gbé e kà. Durkheim ní bí okùn tí ó so ènìyàn mọ́ àwùjọ bá dẹ̀, ó rọrùn fún un láti pa ara rẹ̀. Tinto ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti akẹ́kọ̀ọ́: bí okùn ẹ̀kọ́ àti okùn ìbákẹ́gbẹ́ bá dẹ̀, yóò lọ. Ó sọ èyí di odindi ìwé, Leaving College, ní 1987. Nígbà tí ìwé náà jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 1993, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kún un. Lẹ́yìn Durkheim, ó tún yá èrò Arnold van Gennep, ẹni tí ó kọ̀wé ní 1909 lórí àwọn orò tí ènìyàn fi ń kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn.

Àǹfààní tíọ́rì yìí kò kéré. Ó gbé ẹ̀bi kúrò nínú orí akẹ́kọ̀ọ́, ó gbé e sórí okùn tí ó wà láàárín òun àti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní 1992, William Tierney, tí ó ti ṣe ìwádìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀. Orò tí van Gennep ń sọ, orò ìlú ẹni ni. Kò sí ẹni tí ń yan bóyá òun yóò ṣe é tàbí òun kò ní í ṣe é, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń kà sí ẹni tí orò dá padà. Tinto mú orúkọ orò, ó sì fún un ní ìtumọ̀ ìdíje tí oníkálukú ń bá ara rẹ̀ ṣe. A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé fi àríwísí yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹnìkejì ni Barbara Lovitts, tí ó kọ Leaving the Ivory Tower ní 2001. Ó fi àwọn tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé wé àwọn tí kò parí ní yunifásítì méjì. Ó rí i pé máàkì tí wọ́n gbà nígbà oyè àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n lọ. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n lọ ń dá ara wọn lẹ́bi. Wọ́n ń yọ́ lọ ni, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n pé kí ló dé. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ẹnì kejì, olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn gbólóhùn wa márùn-ún ti òkè yẹn kò sí ní Yorùbá nìkan nígbà náà. Àwọn tí wọ́n lọ pàápàá ń fi wọ́n bá ara wọn wí.

Iye tí Council of Graduate Schools gbé jáde ní 2008 bá èyí mu. Nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé ní àwọn yunifásítì tí wọ́n yẹ̀ wò, 57 ni ó parí láàárín ọdún mẹ́wàá. Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, 64 ni. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀, ìtàn àti irú wọn, 49 ni. Lóòótọ́, ẹni tí kò tíì parí lọ́dún kẹwàá lè parí lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ àárín 64 àti 49. Ta ni yóò sọ pé orí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ le ju tiwa lọ? Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí a ti to iṣẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lórí iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ náà ń ṣe, tí owó sì wà fún. Òun tí ń kọ́ lítíréṣọ̀ ń dá jókòó ti ìwé rẹ̀.

4.0 Ọ̀ràn Wa Nílé

Bí a bá padà sílé, a ó rí ohun mẹ́ta tí àwọn gbólóhùn wa kì í dárúkọ.

4.1 Àkókò. Ní 2013, ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, kò sì parí títí di oṣù kejìlá. Ní 2020, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó di oṣù kejìlá. Ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ẹni tí ó wọlé fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé ní 2019 pàdánù bí oṣù mẹ́tàdínlógún kí 2022 tó parí. A kò fi èyí bú àwọn olùkọ́ wa. Ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba ń ná sórí yunifásítì wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún, àǹfààní rẹ̀ kò sì yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọjọ́ orí kì í yanṣẹ́ lódì. Ọmọ ń dàgbà, òbí ń darúgbó, ilé iṣẹ́ ń retí ẹni. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣí, a bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló dé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ̀síwájú.

4.2 Alábòójútó. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ó yẹ àìní àwọn yunifásítì ìjọba wò ní 2012 rí i pé olùkọ́ 37,504 ni ó wà nínú wọn, àti pé nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní Ph.D. Ẹni tí kò bá ní in kò lè bójú tó ẹni tí ń wá a. Nítorí náà, àwọn díẹ̀ tí wọ́n ní in ni gbogbo ẹrù bọ́ sí lọ́rùn: kíláàsì ńlá, ìdánwò, ìgbìmọ̀ lóríṣiríṣi, lẹ́yìn èyí ni àpilẹ̀kọ tó kàn.

Ìtàn Yunifásítì Ìlọrin, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, fi hàn bí okùn náà ti lè já láìsí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 2001, wọ́n yọ olùkọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta níṣẹ́ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọdún 2009 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni ẹjọ́ náà gbà. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí alábòójútó jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé yóò mọ ohun tí irú ọdún mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ lè túmọ̀ sí fún iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́. Alábòójútó kì í ṣe èèyàn tí a kàn fi òmíràn rọ́pò. Òun ló mọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti yà, àti ìdí tí ó fi yà.

4.3 Owó. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 di ohun tí ó lé ní ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, náírà já wálẹ̀ gidigidi. Olùkọ́ tí ń gbé Ọ̀fà tí ó ní láti máa lọ rí alábòójútó rẹ̀ ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn mọ̀ bí èyí ti rí lápò. Lóòótọ́, àjọ TETFund, tí òfin 2011 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní ipò àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀, máa ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Olùkọ́ pólítẹ́kíníìkì lè rí àǹfààní yìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ń fi owó oṣù rẹ̀ kàwé, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè M.A. tí kò sì níṣẹ́, kò sí lábẹ́ òrùlé yìí. Inú àwọn bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ wa wà.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ sí ìwé pé olówó àkókò kíkún ni, ẹni tí ń ṣe é ń fi àjẹkù ọjọ́ ṣe é. Nígbà tí ó bá wá dúró lójú ọ̀nà, a ní orí rẹ̀ kò gbé e.

5.0 Ìjàkadì gẹ́gẹ́ bí Orò

A lè sọ wàyí pé kí a pa àfiwé ìjàkadì tì. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àléébù wa ni pé ìdajì àfiwé náà ni a mú. A mú ìjàkadì, a fi orò sílẹ̀.

Ọ̀fà kò sọ pé ìjàkadì ni eré òun. Orò ni ó pè é. Orò yàtọ̀ sí ìdíje lásán. Ìlú ló ni orò. A kì í sọ pé orò lágbájá, orò Ọ̀fà ni à ń wí. Orò ní ọjọ́ rẹ̀, ó ní ilẹ̀ tí a ti ń ṣe é, ó ní àwọn tí wọ́n ti ṣe é rí tí wọ́n ń kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni méjì ni ó ń jà lójú agbo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbé agbo wá láti ilé bàbá rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ kò sì ti ipa bẹ́ẹ̀ di àlejò nílùú. Ọmọ Ọlálọmí ni ní òwúrọ̀, ọmọ Ọlálọmí náà ni ní ìrọ̀lẹ́. Bí orò bá bàjẹ́, a kì í bi ẹni tí ó ṣubú; àwọn tí ìlú fi orò lé lọ́wọ́ ni à ń bi.

Níhìn-ín ni àríwísí Tierney àti àfiwé Ọ̀fà ti pàdé. Ohun tí a sọ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé dà ni ìjàkadì láìsí orò: kò sí ọjọ́ tí ó dájú, kò sí agbo, kò sí onílù, kò sí àgbà tí yóò sọ pé ó tó. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó kù pẹ̀lú ìwé rẹ̀ nínú òkùnkùn, tí a sì ń retí pé kí ó jáde wá sọ fún wa pé òun borí.

Àpẹẹrẹ mìíràn ń bẹ nílé. Nínú iṣẹ́ Wándé Abímbọ́lá lórí Ifá, a rí i pé láti kékeré ni ọmọ awo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ́fá, tí ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Èyí gùn ju ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lọ. Nítorí náà, gígùn ọdún nìkan kọ́ ni ó ń lé ènìyàn. Ọmọ awo ń gbé ilé ọ̀gá, ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń bá ọ̀gá lọ sóde. Iṣẹ́ ọ̀gá ni iṣẹ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni ọ̀gá ń gbọ́ ohun tí ó ti mọ̀ àti èyí tí kò tíì mọ̀. A kò sọ pé ètò náà kò ní àléébù; ọ̀gá tí ó bá fẹ́ lè fi ọmọṣẹ́ ṣe ẹrú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọmọṣẹ́ òun ti lọ.

6.0 Àtakò

Ó ṣeé ṣe kí a ta kò wá lọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí kò yẹ lóòótọ́. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀kọ́ kò bá yẹ, ọdún kìn-ín-ní ni ó yẹ kí alábòójútó ti rí i, kí ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdún kẹfà ni a tó mọ̀, àìmọ̀ ta ni?

Èkejì ni pé àwọn kan parí nínú ìṣòro kan náà. Òtítọ́ ni, a sì kí wọn kú orí ire. Púpọ̀ nínú wọn ni olùkọ́ wa. Síbẹ̀, pé ẹnì kan la odò já kò sọ pé odò náà kò jìn. Bí a bá ń fi àwọn tí wọ́n gúnlẹ̀ nìkan ṣe ẹlẹ́rìí, a kò ní í mọ ìdí tí a kò fi ṣe afárá.

Ẹ̀kẹta, tí ó le jù, ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lọ ni ó ṣubú. Àwọn kan rí iṣẹ́ tí yóò bọ́ ìdílé wọn. Àwọn kan rí i pé ìbéèrè tí wọ́n wá béèrè ti ní ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Èyí kò ta kò wá. Ó gbè wá lẹ́yìn. Gbólóhùn (d) kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ṣubú, ẹni tí a tì, àti ẹni tí ó fúnra rẹ̀ kúrò lójú agbo nítorí pé ó ní ohun mìíràn láti ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ kò tọ́ ní ọ̀rọ̀ àlàyé.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àlàyé tí à ń ṣe nípa àwọn tí kò parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé jẹ́ ìtàn tí ó ní olùwà kan ṣoṣo, àti pé olùwà náà ni ó ń ru ẹ̀bi àkókò, àìtó alábòójútó àti àìsówó. A ti fi hàn pẹ̀lú pé àfiwé ìjàkadì tí ó wà nídìí ìtàn náà, bí a bá gbọ́ ọ bí Ọ̀fà ti ń sọ ọ́, ẹjọ́ mìíràn ni ó ń rò.

Ohun mẹ́ta tí kò ná ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ lówó púpọ̀ ni a fẹ́ fi síwájú àpérò yìí. Kí a ní ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí, àti ọdún tí wọ́n parí tàbí tí wọ́n lọ, nítorí ohun tí a kò kà kò lè dùn wá. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe alábòójútó pe ẹni tí ó lọ, kí ó bi í pé kí ló dé, kí ó sì gbọ́ tán kí ó tó fèsì. Kí a má sì ṣe máa wo oyè M.Phil. bí ẹ̀bùn ẹni tí a dá. Kí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jáde pẹ̀lú orúkọ rere àti iṣẹ́ tí ó ti ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n lọ ti wo iwájú, wọ́n sì ti ń bá ayé wọn lọ. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni àgbà. Ní ọdún tí ń bọ̀, àwọn kan nínú àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ M.A. lọ́wọ́ yóò gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Ó yẹ kí a mọ̀, kí a tó fọwọ́ sí i, bóyá orò ni a pè wá sí tàbí ìjàkadì lásán.